Alágbàfọ̀ Tí Kì í Ra Nǹkan Lójú Ọ̀nà

Kí ẹlòmíì tó sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí pé èmi ni mo to kẹ̀kẹ́ náà. Mo tò ó láti ara òkú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni n kò jókòó níwájú olùkọ́ kankan rí lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn ẹnjinníà mélòó kan tiẹ̀ wá láti òkè òkun wá wò ó. Wọ́n mirí títí, wọ́n ya fọ́tò, mo sì lé wọn lọ kí wọ́n má baà jí ọgbọ́n mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi wọ́n.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà ni obìnrin alágbàfọ̀ kan, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ń lọ aṣọ nínú yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ahun Orí Kẹ̀kẹ́, ó sì ń jẹ́ wọn lóhùn láì bínú. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé láyé yìí: ìrìn irínwó kìlómítà tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ máa ń rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí èèyàn gbọ́dọ̀ parí láàárín wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kì í ṣe pé wọ́n ń fún èèyàn lówó tàbí ife wúrà o. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń lù sí káàdì rẹ̀. Òǹtẹ̀ lásán!

Ẹ wá wo yàrá rẹ̀ nítorí òǹtẹ̀. Ẹní kan, sítóòfù kan, ìkòkò kan. Àga kò sí, ó ti tà á ra táyà. Bẹ́ẹ̀dì kò sí, ó ti di ṣéènì. Baáfù ìfọṣọ ńlá kan tó dojú rẹ̀ dé ni àlejò ń jókòó lé. Ó ń ṣa èérún ọṣẹ jọ, á rún un pọ̀, á di ọṣẹ aláwọ̀ mẹ́fà. Ṣòkòtò tó fi ń gun kẹ̀kẹ́, kọ́tìnnì tí òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ dà nù ló fi rán an. Òdòdó pupa ńláńlá wà nídìí rẹ̀, débi pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà á rò pé ọgbà ẹnì kan ló ń sá lọ. Ó gé ìdajì ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ sọ nù kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Mo bi í pé ṣé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kó yára láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ti ibì kan bẹ̀rẹ̀ ná."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kùnà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ṣéènì já. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti rà á. Lọ́dún kejì, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án pẹ́, torí pé ọmọrí ìgò omi rẹ̀ já bọ́, ó sì padà sẹ́yìn ní kìlómítà mẹ́ta láti lọ wá a. Ó rí i o. Ó ṣì ń lò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ káfíńtà àdúgbò wa. Obìnrin náà sanra dáadáa, ohùn rẹ̀ sì sanra jù ú lọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìrìn ọdún kẹta yìí bẹ̀rẹ̀, ó wá bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó fọwọ́ mú ìbàdí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ó tó gẹ́ẹ́. Àlejò wá kí ọ nílé, o gbé baáfù fún un bíi pé o fẹ́ fọ òun náà mọ́ aṣọ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì jókòó lé e wò ni. Ó tutù lára."

"Mi ò ní jókòó lé e láéláé. Gbọ́ o, ọkọ mi ti kan bẹ́ẹ̀dì fún ọ. Tí o kò bá parí lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀dì yẹn ń wọ yàrá rẹ, kẹ̀kẹ́ yẹn á sì máa bá ọkọ mi ru pákó."

"Tí mo bá wá parí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tí o bá parí? Màá wá jókòó lé baáfù rẹ, màá jẹ ẹ̀wà rẹ, mi ò sì ní dárúkọ bẹ́ẹ̀dì mọ́."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ níṣojú mi. Ní ọjọ́ kejì, káfíńtà fúnra rẹ̀ yọ́ wá, ó fi tépù wọn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà láti mọ gígùn pákó tó lè gbà. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbéra. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ lù bá a lójú ọ̀nà. Ahun di ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ó rọ omi sínú ìgò, ó sì fi pọ́ọ̀sì rẹ̀ sílé. Ó ní tí owó bá wà lápò òun, òun á rí nǹkan rà. Láti ìgbà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́, kò ra ohunkóhun lójú ọ̀nà rí, èyí ló sì fi ń yangàn jù.

Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí káàdì. Ó gba tàkọ́kọ́, ó gba ìkejì, ó gun kẹ̀kẹ́ mọ́jú. Ó ní ajá mẹ́rin ló lé òun, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé méje ni. Nígbà tó dé ibùdó kẹta ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kò bá ẹnì kan. Inú ń run ọkùnrin tó ń lu òǹtẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ. Bébà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: "Ẹ gba rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí nítòsí, kí aago wà lára rẹ̀. Òun la máa gbà dípò òǹtẹ̀."

Ẹ bá mi wò ó. Obìnrin tí kò mú kọ́bọ̀ dání ni wọ́n ní kó mú rìsíìtì wá! Kò sì sí ẹni tó lè yá a lówó, torí òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ṣí, ó wọ ibẹ̀. Màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ibi tí kò sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́yìn káńtà, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan síwájú, ó ń fi áyọ́ọ̀nù gbo ó bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò. Òórùn aṣọ jíjó ti gba ibẹ̀ kan.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, rìsíìtì ni mo fẹ́."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ rà?"

"Mi ò ra nǹkan."

"Rìsíìtì kí ni kí n wá kọ, mà? Ti pé ẹ kí mi?"

Ojú Ahun ti lọ sára ṣẹ́ẹ̀tì. "Kí lẹ̀ ń fi kọ́là yẹn ṣe?"

"Mò ń lọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ̀ ń pa á ni. Níbo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ?"

Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ilé àwọn àna mi ni, mà. Òní ni bàbá ìyàwó máa kọ́kọ́ rí mi. Mo ti jó ṣẹ́ẹ̀tì kan lánàá."

"Ẹ kúrò níbẹ̀. Màá lọ̀ ọ́, ẹ ó kọ rìsíìtì."

Ó bu omi ìgò rẹ̀ sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ sára aṣọ fín-ín, ó sì gbá áyọ́ọ̀nù mú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣẹ́ẹ̀tì náà dúró ṣánṣán bí ẹni pé èèyàn ti wà nínú rẹ̀. Àpá jíjó kan ló kù lábẹ́ kọ́là. Ó ní kí ọmọkùnrin náà fi táì bò ó, kó má sì tú táì náà bó ti wù kí ooru mú tó.

Inú olóṣọ́ọ̀bù dùn, ó fún un lówó. "Ẹ gbà, mà. Ẹ fi ra bisikíìtì lọ́wọ́ mi, kí n kọ rìsíìtì gidi fún yín."

"Kí n ra bisikíìtì? Ṣé orí mi dàrú ni? Mi ò ra nǹkan lójú ọ̀nà rí, kì í ṣe òní ni màá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀."

Ó ki owó bọ inú bàtà, ó gba rìsíìtì, ó fò gun kẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "Lílọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Mo ti sanwó fún màmá. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta."

Ní ibi tí ìrìn náà parí sí, káfíńtà ti gbé bẹ́ẹ̀dì wá lórí ọmọlanke. Ó ní kí òun má baà rìn lẹ́ẹ̀mejì, òun á gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, òun á gba kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì náà láàárín gbangba, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago méjìlá lù, mo rí òdòdó pupa lókèèrè. Ó ṣì jìnnà tó ibùsọ̀ méjì, ṣùgbọ́n ojú mi kì í ṣe ojú kékeré.

Ó dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gba káàdì, ó gba rìsíìtì, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Mà, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé olóṣọ́ọ̀bù ló sanwó fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó ra nǹkan ló ń gba rìsíìtì, mà."

"Níbo lẹ kọ ìyẹn sí? Ẹ ní kí n gba rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù rè é, aago rè é. Àbí kí n padà lọ já bébà yín wá lára ògiri?"

Káfíńtà ti ń tú okùn bẹ́ẹ̀dì. Ahun fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ni mo bá dá sí i. Mo sọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀ débi pé lọ́yà méjì tó wà láàárín èrò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà ni mo tọ́ka sí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí rìsíìtì. Akọ̀wé pè é, ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, pálọ̀ àna mi ni mo wà."

"Ṣé obìnrin ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan yà ní ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀?"

"Màmá oníkọ́tìnnì? Wọ́n yà o! Àwọn ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Bàbá ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán ni. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé mo lè tú táì? Ooru fẹ́ pa mí síbí."

"Ẹ má tú u!" ni Ahun pariwo.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ gbàà. Ó ní Ahun nìkan ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ tí òun mọ̀ tó jèrè lójú ọ̀nà, àti pé wọ́n máa tún òfin yẹn kọ kí ọdún tó yípo. Káfíńtà tún bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n wá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ahun gbé ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá fún un, èyí tó ti rin irínwó kìlómítà, ó sì jókòó lé baáfù wọ̀ọ̀. Baáfù dún kẹ̀ẹ́. Ahun dìde gìrì, ó ju ṣíbí sílẹ̀.

"Má ṣèyọnu," ni ẹ̀gbọ́n wí, "mi ò ní ṣubú."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń wò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rọra jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan ń bọ̀ wá ra baáfù yẹn lọ́la, táyà ẹ̀yìn ti jẹ."