Iyanrìn Iná Kì í Ṣe Iyanrìn Ẹ̀pà

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Pólì l'Ọ́fà ni. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, màá yà gba ọ̀nà mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n gbàgbé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Iṣẹ́ káfíńtà kọ́ ni mo fi ń jẹun, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Bí mo bá ti ọ́fíìsì dé, màá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, màá wọ inú àtíbàbà tí mo fi pákó àti páànù kàn mọ́ ẹ̀yìn ilé wa, màá máa rẹ́ pákó, màá máa kan àpótí ìjókòó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ara ògiri yàrá ìyá mi ni mo kàn án mọ́. Orúnkún sì ti dá ìyá mi lóró débi pé kí wọ́n tó dìde, ẹni tó ń sáré á ti dé títì. Bí iná bá sọ níbẹ̀, àwọn ló máa kọ́kọ́ kàn.

Nítorí náà, mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tó ń mu sìgá kò gbọdọ̀ yọjú. Gbogbo ìyẹ̀ tí ayùn bá dà sílẹ̀, mò ń gbá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Àkísà tí mo bá fi nu fáníìṣì, mi ò jẹ́ kó wà ní òkìtì, torí ó lè fúnra ẹ̀ gbiná. Mò ń sá a sórí okùn lóde ni. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, korobá iyanrìn ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí tínà tí mo fi ń po fáníìṣì bá gbiná, ẹ má da omi sí i o! Omi á máa gbé iná náà rìn ni. Iyanrìn ló ń pa á. Mo bu tèmi létí odò Ọ̀yún, mo jọ̀ ọ́, mo sá a títí ó fi gbẹ.

Àṣé ẹlẹ́pà ni mò ń bá jọ iyanrìn! Ìyàwó ilé kejì ló ń yan ẹ̀pà tà, inú iyanrìn gbígbóná ló sì ń yan án sí. Ó rí tèmi, ó wọ̀ ọ́ lójú. Á bu abọ́ kan lónìí, á tún bu òmíràn lọ́la. Bí mo bá dé, ìdí korobá ni màá bá. Mo pariwo, mo jà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ.

"Ẹ̀yin Bàbá Káfíńtà," ló máa ń wí, á tún máa rẹ́rìn-ín, "nítorí iyanrìn lásán?"

Lásán kẹ̀! Ìyá mi gan-an á ní, "Ọkọ mi, fi wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni." Màá ní, "Ìyá, Ọlọ́run náà ló dá iyanrìn." Màá tún gbé korobá, ó di odò.

Nígbà tó yá, iyanrìn ò dín mọ́. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n létí.

Ọ̀sán Sátidé kan, mò ń fi tínà po fáníìṣì nínú abọ́. Àga tí ìyá mi máa máa jókòó lé kírun ni mo fẹ́ kùn. Ẹlẹ́pà yọ. Ó ti lọ tọrọ ẹ̀yinná níbì kan, ó gbé e sórí àpáàdì, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu bọ̀.

Mo ké mọ́ ọn: "Dúró síbẹ̀ o! Má wọlé!"

Ó wọlé. "Mo kàn fẹ́ bi yín ni, kí ló dé tí iyanrìn yín ń rùn láti..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí iná fi fò mọ́ abọ́ tínà. Ẹ̀rù ò bà mí. Ṣebí nítorí ọjọ́ yìí ni mo ṣe ń jà. Mo gbé korobá, mo da iyanrìn lé iná lórí.

Iná náà ròkè dé páànù.

Wọ́n ní àpáàdì ló tó kojú iná. Iyanrìn tèmi ò tó o, ó ń jó bí àtùpà. Mo já wọ yàrá, mo pọn ìyá mi sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, mo gbé wọn jáde. Àwọn aládùúgbò ń bu erùpẹ̀ ojú títì, wọ́n ń fi àpò tútù lu iná náà títí ó fi kú. Àmọ́ òrùlé yàrá ìyá mi ti lọ, àpótí wọn náà ti lọ. Inú àpótí yẹn ni aṣọ funfun tí wọ́n rà bọ̀ láti Mẹ́kà wà, èyí tí wọ́n ní òun ni ká fi sin àwọn.

Òórùn kẹrosíìnì ló ń jáde lára iyanrìn tó ṣẹ́ kù, òórùn tínà ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Orí mi gbóná. Mo dojú kọ ẹlẹ́pà, mo dojú kọ gbogbo ilé. "Ta ló da kẹrosíìnì sínú iyanrìn mi? Ta ni ọ̀dájú yẹn? Ọlọ́run á..." Èpè ti dé orí ahọ́n mi.

"Má ṣépè, ọkọ mi," ni ìyá mi wí lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún wọn. "Èmi ni."

Wọ́n ní ìjà tí mò ń bá èèyàn jà ti sú àwọn. Wọ́n ní bí ó bá ń rùn, kò sẹ́ni tó máa fi yan ẹ̀pà mọ́, ọkàn mi á balẹ̀. "Mo rò pé ó máa gbẹ ni, kó ku òórùn."

Èpè yẹn, mo gbé e mì. Kò sí ẹni tí mo lè bú.

Àwọn tó fẹ́ máa fi iṣẹ́ pákó najú ń bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí àwọn kọ́kọ́ rà. Mò ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n lọ bu iyanrìn ná, kí wọ́n dé e lọ́mọrí, kí wọ́n sì máa bu díẹ̀ lọ́wọ́ gbóòórùn kí wọ́n tó mú ayùn. Wọ́n ń rò pé mo le jù.

Nígbà tí ìyá mi kú, aṣọ tí mo sáré rà lọ́jà la fi sin wọ́n. Ó funfun lóòótọ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́.