Àwọn Àmín Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílé ọkọ ní Ìkòtún. N kò mọ̀wé o! Ọmọ ọmọ mi, Rọ̀fíátù, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni kó ṣe kọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọmọ yìí ń jiyàn ní pálọ̀ mi. Ọ̀kan ní ẹni tí kò bá ti gbà pé Ọlọ́run wà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ẹ̀sìn nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí! Ó bọ́ kẹ̀? Èmi tí mo gbé inú ẹ̀sìn àwọn tí kò lẹ́sìn!

Ìgbà tí epo rọ̀bì ń mówó wá ni. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lánàá ń ra ọkọ̀ lónìí. Oko ṣì pọ̀ ní Ìkòtún nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò lójú títì, ẹ̀gẹ́ lẹ máa rí lọ dé Ìgàǹdó. Ọkọ mi, ọmọ Èkìtì, ń ya àwòrán ilé fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n "Tíṣà" ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ó ti ṣe tíṣà rí. Èmi, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ mùsùlùmí, aṣọ ni mo ń rán lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ọkọ mi jẹ́ oníwàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Nígbà tá a fẹ́ra, ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rárá. Àfi bó ṣe gba ìwé kan lọ́wọ́ òyìnbó kan níbi iṣẹ́. Ó kà á, ó kà á, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní òun ti rí ìmọ́lẹ̀, pé kò sí Ọlọ́run níbì kankan. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká jẹun. Ṣé mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń bọ̀ yẹn!

Kò pẹ́ tó fi kó ẹgbẹ́ jọ. Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Ọpọlọ lorúkọ wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ẹgbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni, wọ́n á máa ké bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́yìn ilé wa.

Ní Sọ́ńdè, bí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń dún báyìí, àwọn náà á ti tò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní pálọ̀ wa, pẹ̀lú aṣọ tó dáa jù lára wọn. Wọ́n á kọrin. Ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹnì kan á dìde, á jẹ́rìí bí ẹ̀sìn ṣe dè é mọ́lẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe wá là, omijé á máa dà lójú rẹ̀. Àwọn yòókù á ké: "Òótọ́ ni!" Ìgbà náà ni ọkọ mi á wá wàásù. Á na ìka sókè, á fi áńkáṣíìfù nu òógùn ọrùn. Mo ti tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ rí, mo mọ ìka yẹn. Ìka bàbá rẹ̀ ni!

Wọ́n fi aṣọ funfun wé ìwé yẹn. Lọ́jọ́ kan mo gbé abọ́ ẹ̀bà lé e lórí, n kò mọ̀. Háà! Bí ọkọ mi ṣe pariwo, ẹ ó rò pé Kùránì ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù, tí àwọn ẹlòmíì ń ra rédíò, sípíkà ńlá tòun ti máìkì làwọn ọmọ ẹgbẹ́ rà. Wọ́n so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, wọ́n gbé e sójú fèrèsé, wọ́n kọjú rẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí. Bí làdáànì bá ti pe ìrun, ọkọ mi náà á pe tiẹ̀. Etí aráàdúgbò kò sinmi mọ́.

Èmi ńkọ́? Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi o. Ẹnu mi ló tì.

Ó gba ẹní ìkírun mi, ó gba tẹ̀sùbáà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ó kó wọn sínú àpótí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ Ọlọ́run nínú ilé ìmọ́lẹ̀. Ẹ wò ó, tẹ́nì kan bá ṣe yín lóore, kí lẹ máa sọ? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn ńkọ́? Tí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ibi tí mo bá gbé ẹsẹ̀ sí nínú èdè wa, Ọlọ́run ti jókòó síbẹ̀! Mo wá di ẹni tó ń kí èèyàn láàbọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń gbé yàrá yòókù nínú ilé náà. Tí mo bá húkọ́, wọ́n gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi lóyún, lẹ́yìn tí ojú ti pọ́n mi títí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Tí obìnrin bá ti gbé ikùn jáde, ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ṣàdúrà fún un. Àmín lowó ọjà ibẹ̀. Ọkọ mi wá pè mí jókòó. Ó ní tóun bá gbọ́ pé mo ṣàmín sí àdúrà ẹnikẹ́ni lórí ọmọ òun, tí mo bá ti bímọ náà tán, kí n máa lọ sílé wa, kí ọmọ dúró lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n má bàa fi òkùnkùn tọ́ ọ. Láyé ìgbà yẹn, ta ló máa bá mi gba ọmọ ọkọ lọ́wọ́ ọkọ? Ọwọ́ òfìfo ni n ó fi lọ.

Bí mo ṣe ń gbé àmín mì nìyẹn. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì á ṣàdúrà, n ó wolẹ̀. Ẹni tí mo ránṣọ fún á ṣàdúrà, n ó ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ìyá mi wá láti Ọ̀yọ́, ó gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ó ṣàdúrà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi ká ìborùn rẹ̀, ó sunkún padà sílé. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ ládùúgbò pé irú aboyún wo ni kì í ṣàmín? Pé kí n má lọ jẹ́ àjẹ́!

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Bánjí, ọ̀rẹ́ ọkọ mi níbi iṣẹ́. Òun náà kò gbà pé Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n òun ló máa ń fi ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wá sí ìpàdé. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti ibi kàǹga, ó bá mi gba garawa. Ìyá arúgbó kan, ọmọ onílẹ̀ Ìkòtún, jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí.

"Ìyàwó Tíṣà, ikùn yìí ti wálẹ̀ o! Wẹ́rẹ́ báyìí lo máa sọ̀. Omi ò ní dànù, agbè ò ní fọ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Mo dákẹ́. Ọwọ́ ìyá dúró lórí ẹ̀gúsí. "O ya odi ni? Àbí ọmọ náà ò wù ẹ́?"

Ni Ọ̀gbẹ́ni Bánjí bá gbé garawa sílẹ̀, ó ṣí fìlà. "Àmín, ìyá. Àmín o. Ẹ ó bá wa gbé e jó."

Nígbà tá a rìn síwájú díẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, èmi ò rò pé ẹnì kan ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àgbà ló sọ ọ́, kò yẹ kó ṣubú sílẹ̀."

A ò mọ̀ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wa.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n gbé àga kan sáàárín pálọ̀, wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Bánjí jókòó sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni.

Akọ̀wé ní, "Ṣé ẹ ṣàmín àbí ẹ ò ṣàmín?"

"Ìyá àgbà kí wa, mo dá a lóhùn. Ṣé kí n bú u ni?"

"Ẹ dáhùn ìbéèrè!"

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ gbọ́ ara yín jàre."

Ọkọ mi dìde. Ìka yẹn tún gòkè. Ó ní àfi kí Ọ̀gbẹ́ni Bánjí ronú pìwà dà níwájú ìjọ, tàbí kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá a jẹun mọ́. Ìjọ! Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn o! Ló bá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú tíréè omi. Ó ní, "Ṣèfíátù, ìwọ wà níbẹ̀. Jẹ́rìí."

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ká mi mọ́? Tí mo bá purọ́, akọ̀wé rí wa. Tí mo bá sọ òótọ́, mo ta ẹni tó ṣàánú mi. Tí mo bá sì gbèjà rẹ̀, ọmọ mi ti lọ. Ọmọ náà sì ta mí nípàá nínú, gbì!

Mo gbé tíréè sílẹ̀. Mo ní, "Ó ṣe é. Èmi ló ṣe é fún. Ẹ̀yin lẹ dè mí lẹ́nu, òun ló yá mi ní tiẹ̀. Tíṣà, ẹ ní kò sẹ́nì kankan lókè. Ó dáa. Ta wá lẹ ń bá jà látàárọ̀? Kí ló dé tí àmín ẹnu obìnrin kan fi ń dẹ́rù bà yín tó báyìí?"

Mo di ikùn mi mú. "Èyí tí ìyá ẹlẹ́gùúsí ṣe fún mi: àmín! Èyí tí dírẹ́bà ṣe: àmín! Èyí tí ìyá mi ṣe, tí mo yíjú, tó sunkún lọ sílé: àmín, àmín, àmín!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti gbàgbé pé máìkì àti sípíkà wà ní títàn! Láti ìta, láti ilé dé ilé, mo gbọ́ tí àdúgbò dáhùn pọ̀: "Àmíìn o!" Ẹnì kan tiẹ̀ kígbe pé, "Ẹ tún ṣe é, ìyàwó Tíṣà, a ò gbọ́ ti dírẹ́bà dáadáa!"

Ojú ọkọ mi dà bí eérú. Ó ní, "Jáde nílé mi."

Mo jáde. Ọ̀gbẹ́ni Bánjí àti ìyàwó rẹ̀ ló fi ìjàpá gbé mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Baruwa. Ibẹ̀ ni mo bímọ sí, ọkùnrin. Ìyá mi wá. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Bí mọ́tò bá ti dún, n ó gbé ọmọ mọ́ àyà, mo rò pé bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá gbà á.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó sì dé lóòótọ́. Òun nìkan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù. Mo rọ̀ mọ́ ọmọ.

Ó na áńkáṣíìfù kan sí mi. Tẹ̀sùbáà bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ti Bánjí, òun náà ni wọ́n gbé jókòó sórí àga yẹn, torí ìyàwó òun ṣàmín nínú ilé ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní kóun búra pé òun ti kọ̀ mí. Ó ní, "Mi ò lè búra. Mo gbé sípíkà jáde, mo ní kí wọ́n máa lọ." Ó wá ní, "Ṣèfíátù, n kò tíì gbà pé Ó wà o."

Ó fẹ́ gba ọmọ. Àbúrò bàbá mi dìde fùú! Ó ní irọ́ ni, àfi kó kọ́kọ́ ṣàmín sí àdúrà àáfà kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Gbogbo ilé pariwo pé òótọ́ ni. Òótọ́ ni! Pálọ̀ Ìkòtún ni mo tún gbọ́ yẹn. Mo wo ọkọ mi, mo rí i bó ṣe gbé nǹkan mì lọ́fun. Mo mọ bó ṣe ń rí lọ́nà ọ̀fun.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀." Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Àáfà ṣàdúrà, gbogbo wa ṣàmín, ọkọ mi dákẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọmọ, a ò sì fi àìṣàmín rẹ̀ mú un.

A jọ padà sílé. A jọ gbé títí tó fi kú. Èmi ń kírun nínú yàrá, òun á dín rédíò rẹ̀ kù títí n ó fi parí. Kò ṣàmín rí, n kò sì bi í rí.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ìgbóná ẹ̀sìn kò sí nínú Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú àìsí Ọlọ́run. Inú èèyàn ló wà. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ẹlòmíì sílẹ̀ fún un, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá o, mọ́ṣáláṣí ni o, ilé ìmọ́lẹ̀ ni o, àga kan náà ni wọ́n ń gbé sáàárín pálọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti gbé mì rí nítorí kí ilé lè tòrò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Rọ̀fíátù á kà á fún mi. Bàbá Rọ̀fíátù lọmọ tá a sọ lórúkọ ní Baruwa yẹn. Mo gbàdúrà fún un láàárọ̀ yìí, ó ní "Àmín, Màámi." Kò sẹ́ni tó fipá mú un.