Aṣọ Tí Káńsẹ́lọ̀ Rán sí Ẹnu Àmù

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo padà sí Ìlá gẹ́gẹ́ bíi tísà. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fi mí sí ní ilé ìwé ìjọ wa. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé apá kọjá lórí kó sì fọwọ́ kan etí kejì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, a gbà á. Àwọn ọmọ pọ̀ débi pé àwọn kan ru àpótí ìjókòó wá láti ilé.

Kò pé oṣù méjì tí àyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sílẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, omi ń fà, sòbìà sì ń yọ. Bí mo bá pe orúkọ ọmọ tí kò wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn pé, "Tísà, ó wà nílé, ẹsẹ̀ ń dùn ún." Kò yà mí lẹ́nu. Èmi náà ní àpá sòbìà mẹ́ta lẹ́sẹ̀. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé inú ara ló ti ń bá èèyàn wáyé, bí iṣan, tí yóò sì jáde lọ́dún tó bá wù ú. Mo kàn ń fi àmì òfo sí iwájú orúkọ wọn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa yọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi. Tẹ́lọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọjà, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Kéú ló kà, kò ka ìwé òyìnbó. Nígbà tí wọ́n ń dìbò, akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló bá a du ipò náà, ẹ̀yìn akọ̀wé sì ni èmi wà. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyá mi pé ìtìjú gbáà ni kí ẹni tí kò lè ka ìwé káńsù lọ jókòó ní káńsù. Ìyá mi ní àwọn èèyàn yan tẹ́lọ̀ nítorí pé bó bá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni aṣọ yóò parí, ọjọ́ Jímọ̀ náà ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà," ó ní. Ó dàgbà ju àbúrò bàbá mi lọ, síbẹ̀ "ẹ" ló ń pè mí. "Èmi ni mo rán aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ yìí. Mo mọ iye tí mo rán. Àwọn tó kù dà?"

"Sòbìà ni, Bàbá."

"Gbogbo wọn?"

"Àfi àwọn mélòó kan tí wọ́n bá òbí wọn lọ sóko."

Ó wo àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo títí. "Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá jáde, ẹ mú mi lọ sílé wọn."

Mo mú un lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ebi ń pa mí, mo sì rò pé ìbò ló ń wá. A dé ilé méjì, ó kí wọn, ó bi wọ́n léèrè, a jáde. Ní ilé kẹta la ti bá ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé jù nínú kíláàsì mi. Orí ẹní ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, sòbìà náà yọ funfun bí òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ká a mọ́ igi ìṣáná. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ká a lójoojúmọ́, nítorí bó bá já sínú, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ọmọ náà ti fi èédú kọ a, b, d sórí ilẹ̀. Ó kọ ọ́ yí ẹní ká, títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé.

Káńsẹ́lọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Kí lèyí? Èyí ńkọ́?" Ọmọ náà ń sọ fún un. Ó wá bi í pé, "Níbo lẹ ti ń pọnmi?"

"Ní ìsun tó wà lọ́nà oko."

"Báwo lẹ ṣe ń pọn ọ́n?"

"À ń wọ inú rẹ̀."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yìí?"

"Omi náà máa ń tu ẹsẹ̀ lára, Bàbá. Gbogbo wa la máa ń kì í bọ̀ ọ́."

Nígbà tí a jáde, ọ̀dọ̀ wolé-wolé ló gbà lọ. Gbogbo ìlú ló ń sá fún ọkùnrin yẹn, nítorí òun ló ń yọjú wo àmù àti ẹ̀yìnkùlé onílé. Tẹ́lọ̀ yìí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a. Wolé-wolé ṣàlàyé fún un pé nígbà tí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ bá ki ẹsẹ̀ bọ omi, sòbìà náà á bímọ síbẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi á gbé ọmọ rẹ̀ mì, àwa náà á sì mu kòkòrò mọ́ omi. Ó ní bí èèyàn bá fi aṣọ tí wọ́n hun mọ́ra dáadáa sẹ́ omi náà, kòkòrò kò ní lè kọjá.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi nílé ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Tísà, aṣọ ni! Ṣé ẹ gbọ́? Aṣọ ló lè gbà wá!"

Ó kọ́kọ́ lọ bẹ káńsù fún kànga. Nígbà tó dé, mo bi í léèrè ohun tí wọ́n wí.

"Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò lè mu ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀."

Ó ra aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e róbótó, ó ń rán etí rẹ̀, ó sì ń ki okùn bọ̀ ọ́ kí wọ́n lè fà á mọ́ ẹnu àmù. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà nílẹ̀. Inú bí wọn. Ọkùnrin kan já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gba bùbá rẹ̀ lọ nígbà tí ó ṣì ku apá kan. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe so aṣọ náà, káńsẹ́lọ̀ sì ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Àwọn ìyá ló ń bá sọ̀rọ̀ jù: "Ẹ kì í mu ògì láìsẹ́ ẹ. Kí ló dé tí ògì fi ní asẹ́ tí omi kò ní?" Àwọn kan gbà á. Àwọn mìíràn fi aṣọ náà wé orí.

Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Òun ni àgbà obìnrin nílé wa, ẹ̀rù ahọ́n rẹ̀ sì ń ba gbogbo àdúgbò. "Bí sòbìà bá máa degbò, Olúgànbe là á ké sí," ó ní. "Èmi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ké sí tẹ́lọ̀."

Mo sọ fún káńsẹ́lọ̀ pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Tẹ́lọ̀," ni ìyá mi wí, "èwo lo fẹ́ fi aṣọ bò, ẹnu àmù mi àbí ẹnu mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, n kò bá ti àmù wá. Ọ̀rọ̀ ìsun ni mo bá wá. Àwọn èèyàn ń ki ẹsẹ̀ egbò bọ̀ ọ́. Bí èmi bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìbò ni mò ń wá. Bí wolé-wolé bá dé, wọ́n á sá wọgbó, wọ́n á tún padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò yìí tó lè sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní dá a lóhùn."

Ìyá mi yí ojú sí àmù rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ egbò ni wọ́n ń kì bọ omi tí mò ń mu?"

"Òun ni, Ìyá."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ó tutọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àpótí rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó lọ jókòó sí etí ìsun. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò légbò ló ń pọnmi fún ẹni tó légbò. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ti ilé ìwé dé, mo rí aṣọ funfun lẹ́nu àmù wa.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, sòbìà sì tún yọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sẹ́ omi, ó yọ lára wọn. Àwọn tí kò sẹ́ ẹ, ó yọ lára wọn. Àwọn èèyàn wá ń pariwo lójú ọ̀nà ọjà pé, "Aṣọ káńsẹ́lọ̀ dà?" Wọ́n ń tú u kúrò lẹ́nu àmù. Sòbìà wá yọ lẹ́sẹ̀ káńsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó gbé e lé àpótí, tó ń fi ti òsì tẹ ẹ̀rọ, tí ojú rírán rẹ̀ ń wọ́ kiri.

"Bàbá, ẹ sinmi ná," mo ní. "Ó dà bí ẹni pé wolé-wolé tàn yín."

"Kò tàn mí." Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Ó sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ọdún kan ló ń lò nínú ara kó tó yọ. Èyí tí a mu léṣìí ló ń jáde. Èmi ni n kò sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní kí wọ́n dúró fún ọdún kan, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀."

N kò rí olóṣèlú kan rí tó jẹ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mú un.

Ó wá ń tiro láti agbo ilé dé agbo ilé, ìyá mi sì ń bá a gbé àpótí tí yóò máa fi jókòó. Ohun kan náà ló ń sọ fún wọn: "Ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí aṣọ." Ọ̀pọ̀ wọn tún so ó padà, bóyá nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá nítorí ìyá mi tó dúró tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ń pe orúkọ nínú kíláàsì mi. Wọ́n ń dáhùn, mo ń pè, wọ́n ń dáhùn. Mo dé ìsàlẹ̀ ìwé kí n tó mọ̀ pé àmì òfo kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni sòbìà dá dúró sílé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé ni. Bí a ṣe jáde, mo gba ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ lọ. Mo sọ fún un, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wá jẹ́wọ́ fún un pé akọ̀wé ni mo fẹ́ kó wọlé nígbà ìbò.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi náà ìbá dìbò fún un, ká ní kì í ṣe èmi ló ń bá du ipò."

Nígbà tí ìbò tún dé, akọ̀wé náà ló wọlé. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ni àwọn èèyàn tẹ̀ lé, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra tẹ́lọ̀. Ó lọ kí akọ̀wé nílé, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni káńsù wá gbẹ́ kànga fún àdúgbò wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, a pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó dárúkọ tẹ́lọ̀. Inú ń bí mi níbi tí mo dúró sí. Mo wò yíká láti mọ bó ṣe rí lára rẹ̀.

Kò tilẹ̀ sí láàárín èrò. Ẹ̀yìn kànga ni mo ti rí i, ó ń fi okùn ìwọnṣọ ọrùn rẹ̀ wọn ògiri tí wọ́n mọ yí kànga ká.

"Tísà," ó ní, "ẹ wò ó. Kò ga tó. Ọmọdé lè kó sínú rẹ̀."

Ó ti mú kápẹ́ńtà wá kí wọ́n tó kó àwọn àga kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, kànga náà ti ní ìdérí pákó.