Ẹ̀yin Lẹ Ni Ín

Nílé wa l'Ókè-Afá, tí èèyàn bá yin ohun ìní wa, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ilé, èsì wa ni pé, "Ẹ̀yin lẹ ni ín." Kò sẹ́ni tó máa ń gbọ́ ọ kó gbé ọmọ náà lọ.

Bàbá tó bí ìyá mi àgbà ló sọ ọ́ fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan tó wá kọ ìtàn àdúgbò wa. Òyìnbó yin ilẹ̀ oko wa, bàbá ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà." Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òyìnbó wá kọ ọ́ pé àwa fẹnu ara wa jẹ́wọ́ pé a ò nílẹ̀, pé abẹ́ ìdílé baálẹ̀ tó ń bá ìjọba gba owó orí la wà.

Nígbà tí ìdílé yẹn pè wá lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ oko náà, tí ilé wa wà lórí rẹ̀ báyìí, èmi ni mo tẹ̀lé ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà wa. Ó ka ìwé òyìnbó náà fún wa.

Ìyá àgbà ní, "Lọ́yà, tí mo bá ní ẹ kú ìjókòó, ṣé mo ní kẹ́ ẹ kú ni?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi, Màmá. Àmọ́ ta ló kọ tiyín sílẹ̀?"

"Bàbá mi ló fẹnu sọ ọ́ fún mi."

"Tiwọn wà nínú ìwé, mà."

Ó wù mí kí n bi í pé ta ló rán ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń wá baálẹ̀ tí yóò máa bá a gba owó orí, ṣé ó lè kọ ìtàn tí yóò tú baálẹ̀ náà láṣìírí pé kì í ṣe òun ló nilẹ̀? Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ọdún méjì péré ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó lọ kọ́ aṣọ rírán ní Ṣógúnlé.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n dá ẹjọ́, a sì jẹ̀bi. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri wa pé wọ́n máa wó o.

Àná ni ìyá àgbà ní kí n mú bírò, kí n kọ ohun tí bàbá òun ní lọ́kàn lọ́jọ́ tó bá òyìnbó sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ìyá, ilé ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Mo ní kó o kọ ọ́."

Mo kọ ọ́, ojú ewé kan ààbọ̀. Ó ní kí n kà á sókè, mo kà á. Ó bi mí pé ta la máa fún. Mi ò mọ ẹnì kankan.