Ọ̀rẹ́ Mi Kó Àlejò Wa Lọ

Mo kéré nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì lè ru omi délé láìdà á sára, tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé bàtà àlejò. Ní abúlé wa lọ́nà Ìwàrà, omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta. Láti Òṣogbo, láti Ìbàdàn pàápàá, ni wọ́n ti ń wá wò ó. Àpáta yẹn ń yọ̀, wọn á bọ́ bàtà, àwa ọmọdé á gbé e rù. Ìyá mi á ti gúnyán dè wọ́n. Iyán yẹn ló rán mi nílé ìwé.

Òfin kan ni bàbá mi fún àwa méjèèjì: "Ẹ ò gbọdọ̀ gé igi tó wà ní orísun omi yìí lórí òkè o. Igi ni kì í jẹ́ kó gbẹ." A jọ dáhùn pé a gbọ́.

Mo dàgbà, mo jogún odó ìyá mi. Ọ̀rẹ́ mi ra bọ́ọ̀sì. Ó ń kó àlejò wá, èmi ń bọ́ wọn.

Nígbà tó yá, òjò ò mọ àsìkò mọ́, ọ̀dá ń gùn sí i. Kí ọyẹ́ tó dé, omi wa á ti máa kán tó, tó. Mo ní ojú ọjọ́ ló yí padà, ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run jà? Ọ̀rẹ́ mi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ò wá mọ́. Èmi ò yé gúnyán ní Sátidé, iyán á sì tutù síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi rèé níwájú omi kan ní Èkìtì, àlejò yí i ká! Ó ń sọ fún wọn pé, "Ibi tí wọn kì í ti í gé igi ni àlejò ayé ìsinsìnyí ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi ibí ò fi gbẹ."

Háà! Mo mú ọ̀pá, mo rọra gun òkè lọ sí orísun wa, ibi tí mi ò dé mọ́ láti ìgbà tí mo ti jogún odó. Kùkùté lọ bẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan tó ń ro ìdí kòkó wò mí.

"Màmá, ẹ ò mọ̀ ni? Igi ibí ni ọ̀rẹ́ yín tà fi ra bọ́ọ̀sì."

Bọ́ọ̀sì tí mo gbàdúrà lé lórí! Tí mo gúnyán fún gbogbo abúlé lọ́jọ́ tó gbé e dé! Mo jókòó sórí kùkùté, mo sunkún bí ọmọdé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Láyé ìjọ́sí, omi nìkan ni àlejò ń bèèrè. Ní báyìí, wọ́n ń bèèrè igi, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ojú ọjọ́ yí padà lóòótọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ dáhùn níwájú bàbá mi ló kọ́kọ́ yí padà.