Nóòtì Mi Lórí Ogun Yorktown

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìtàn n'Ìbàdàn. Ogun Yorktown, tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára nóòtì tí mo máa ń pè fún wọn. Bí mo bá ń pè é, n kì í wo ìwé. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀; ní kíláàsì tèmi, ọgbọ́n àgbà nìkan la fi dá a.

Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, mo ti di ẹni tó ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí síbí, kò bá iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tó mú iṣẹ́ dé ilé wa ní Glenarden pé òun yóò sọ̀rọ̀ lórí Yorktown níwájú kíláàsì àti àwọn òbí, díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo fẹ́ kí ó rí i pé tíṣà ni bàbá òun.

Mo pe nóòtì fún un. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Faransé yí Gẹ̀ẹ́sì ká lórí ilẹ̀, ọkọ̀ ogun Faransé sì dínà mọ́ wọn lójú omi. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì túúbá. Ogun náà ló ṣẹ́ wọn léegun ẹ̀yìn, gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà sì gba òmìnira.

Ó ní, “Daddy, ṣé mo lè add ohun tí mo rí ní library?”

Mo ní kí ló fẹ́ fi kún nóòtì mi? Kó há a sórí, bí wọ́n ṣe ń há àkọ́sórí ọdún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ náà, mo wọ kóòtù, mo jókòó síwájú pátápátá. Ó ń kà á lórí geerege, ètè tèmi náà sì ń mì. Ó dé “gbogbo ènìyàn”, ó dúró. Mo rò pé ó gbàgbé ni, mo ti fẹ́ sọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ló bá yọ ìwé pélébé kan nínú àpò.

Ó ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ó ní àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú sá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì torí pé wọ́n ṣèlérí òmìnira fún wọn. Àwọn ẹrú náà bá wọn gbẹ́ yàrà ogun ní Yorktown. Nígbà tí oúnjẹ ń tán lọ, Gẹ̀ẹ́sì lé wọn jáde, pẹ̀lú ṣọ̀pọ̀ná lára wọn. Ọ̀pọ̀ kú sínú igbó. Nígbà tí ogun parí, àwọn olówó wọn wá kó àwọn tó ṣẹ́kù padà sí oko ẹrú.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, n kò mọ èyí! Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé n'Ìbàdàn. Ó nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ẹrú ńkọ́? Ṣé àwọn náà gba òmìnira?” N kò mọ ìdáhùn. Mo ní ó ń da nóòtì rú, mo ní kó kúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Mo sì ń pe nóòtì mi lọ.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ mi, tíṣà rẹ̀ tilẹ̀ dìde dúró. Ọwọ́ tèmi kò gbéra.

Nínú mọ́tò, kò wojú mi. “Daddy, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?”

Ó wà lẹ́nu mi láti ní mo mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ń pa mí. Ṣùgbọ́n mo sọ ti ọmọbìnrin yẹn fún un, àti bí mo ṣe ní kó kúnlẹ̀.

A dúró níbi iná pupa. Ó wá ní, “Kí lorúkọ ẹ̀?”

Orúkọ gbogbo ọ̀gágun tó jà ní Yorktown wà lórí mi. Mo wá orúkọ ọmọ náà tì.