Ọwọ́ Metwalli Lára Ilẹ̀kùn Mọ́tò

"Ọ̀gá Shalabi, ṣé ọ̀dà lẹ fi kùn ún ni àbí ìyẹ̀fun? Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o."

Imú ni Alájà Inshirah fi ń sọ̀rọ̀, bíi pé ọ̀fìnkìn ti ń bá a fínra látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Gbogbo àdúgbò ní Damanhur ló mọ̀ ọ́n sín jẹ.

Shalabi, tó ti ń kun mọ́tò láti ọgbọ̀n ọdún, bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọ̀dà ti tún bó. Kò bó wúruwùru bí ọ̀dà ṣe ń bó. Àtẹ́lẹwọ́ ló bó, àti ìka mẹ́rin ààbọ̀.

"Oòrùn ni," ló wí.

"Oòrùn wo ló ní ìka?"

Ta ni ò mọ ọwọ́ tó gé lọ́mọńdinrín yẹn? Metwalli alápatà ló ni ín, ọkọ Inshirah. Lọ́jọ́ tó ra mọ́tò náà, tí ọ̀rá ò tíì kúrò lórí ìjókòó, ó pa àgbò síwájú ẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀jẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kí ojú burúkú má baà wọ̀ ọ́. Wọn kì í fọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fúnra ẹ̀ ló máa gbẹ, táá sì re. Ó wá fi ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn jáde sọ níṣojú gbogbo wa ará àdúgbò pé, "Obìnrin kankan ò ní wa mọ́tò yìí."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kú.

Nawal, ọmọbìnrin wọn, lóyún ní Rosetta, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Inshirah lọ kọ́ mọ́tò wíwà kó lè máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ọ̀dà ilẹ̀kùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Shalabi ní ẹ̀jẹ̀ àgbò tó gbẹ sínú oòrùn ló jẹ ẹ́. Ó fi sánpépà ha á dé irin, ó kùn ún. Ó bó. Ó ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún òun. Ó tún un kùn, ó tún bó. Báyìí, àwọn oníbàárà ti ń yọ́ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá.

"Alájà, ìgbà wo gan-an ló máa ń bó?"

Inshirah wolẹ̀. "Bí mo bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, tí mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo máa ń gbọ́ ọ. Bíi kẹ́nì kan máa fi èékánná họ ọ́ látìta."

Shalabi gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Oòrùn ọ̀sán wà lórí irin náà, síbẹ̀ ó tutù bí ẹran inú fìríìjì.

"Ẹ lọ ra ẹyẹlé wá," ló wí. "Ọwọ́ tiyín ló kù."

Inshirah fúnra ẹ̀ ló pa ẹyẹlé. Ó gbé ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lé ojú ọwọ́ ọkọ ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Bàbá Nawal, ẹ ti wa tiyín. Ẹ sún fún mi."

Ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ó re tán, Shalabi kun ilẹ̀kùn. Inshirah wakọ̀ lọ sí Rosetta, ó gbé ọmọ-ọmọ ẹ̀ jó, ó wakọ̀ padà.

Shalabi fẹ̀rín pàdé ẹ̀. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ń dán. Ó rìn yí mọ́tò po, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò bá a dé òdìkejì. Lára ilẹ̀kùn ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀, ọ̀dà ti bó: ìka mẹ́rin ààbọ̀.

"Ó ti sún," ni Inshirah wí, bí ẹni ń sọ pé omi ti hó. "Ẹ má kùn ún."

Inshirah náà ló ń tẹ fèrè mọ́tò níta yẹn, ó ní kí n wá ká jọ lọ sọ́jà. Mò ń bọ̀ o, Alájà. Ẹ̀yìn ni màá jókòó.